Mo Fi Àṣírí Oyinkán Gba Yọ̀tẹ̀rẹ́

Ẹ má káàánú mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ojú ìwé yìí, mo sì mọ bí àwọn tó ń sọ ìtàn ayé wọn níbí ṣe máa ń sunkún kí ẹ lè bá wọn nu ojú. Èmi ò fẹ́ ìnujú kankan. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa, torí ó tọ́ sí mi.

Fọlárìn ni wọ́n ń pè mí. Mo ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate, yàrá kan ni mo sì rẹ́ǹtì ní Okota. Mo ti kọjá ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mo tètè ń sọ ìyẹn kí ẹ má baà rò pé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló hu ìwà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kì í ṣe ọtí ló bà mí jẹ́, kì í ṣe tẹ́tẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe obìnrin. Géèmù ni. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ ní sùúrù, ẹ̀rín ṣì pọ̀ níwájú.

Orúkọ tí òyìnbó fún géèmù náà gùn, kò sì rọrùn lẹ́nu, nítorí náà Jábọ́ ni àwa ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù géèmù Àǹtí Nafeesah ní Okota. Ẹni méjì máa ń jà lórí pèpéle kan tó so rọ̀ ní òfuurufú. Bí wọ́n bá ṣe ń lù ọ́ ni ara rẹ á ṣe máa fúyẹ́ sí i, títí ẹ̀ṣẹ́ kan á fi gbé ọ kọjá etí pèpéle. Bí o bá ti já bọ́, ó parí.

Ohun méjì ló ń sọ èèyàn di ọ̀gá nínú ẹ̀. Èkíní ni ìrìn: bí o ṣe ń sáré síwá sẹ́yìn kí ọ̀tá má mọ ibi tí o ń lọ, bí o ṣe ń fò díẹ̀ dípò kí o fò ga, bí o ṣe ń fọwọ́ kan di etí pèpéle mú nígbà tí o bá fẹ́ já bọ́. Ìkejì ni kọ́mbò, ìyẹn ni kí o so ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ́ débi pé ẹni tí ò ń lù kò ní ráyè mí. Ìrìn ló ń mú kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ, kọ́mbò ló ń mú kí o borí. Èmi, àtẹ́wọ́ ni mo fẹ́.

Oyinkán ló ni kọ́mbò. Àfẹ́sọ́nà mi ni nígbà náà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì lẹ́yìn iléèwé, kò sì sẹ́ni tó lè dúró níwájú rẹ̀ nínú Jábọ́ ní gbogbo Okota. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀dá kọ́mbò kan tí a sọ ní Jẹ́-n-sinmi, torí ohun tí ẹni tó bá kó sínú ẹ̀ máa ń sọ nìyẹn. Bó bá ti gbá ọ sókè, á ti dúró dè ọ́ kí o tó balẹ̀, á tún gbá ọ lọ.

Gbogbo ẹni tó bá kó sínú ẹ̀ ló máa ń fa páàdì tó fi ń darí oníjà rẹ̀ sẹ́yìn láti sá. Sísá yẹn gan-an ló ń pa wọ́n. Èmi nìkan ni Oyinkán fi ibi tó ti ń já hàn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ti nà mí nínú yàrá mi títí tí ó fi sú mi.

"Má sá," ó ní. "Bí mo bá ti gbá ọ sókè, tẹ páàdì sọ́dọ̀ mi. Máa bọ̀ wá bá mi. Ẹni tó bá sá ló ń kú, ẹni tó bá sún mọ́ mi ló ń yè."

"Ta ni yóò máa sún mọ́ ẹni tó ń nà án?"

"Òun náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tíì mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. "Má sọ ọ́ fún ẹnì kankan o, Fọlá."

Mo búra fún un. Ìbúra kì í wúwo lẹ́nu mi.

Ẹni tó dúró sáàárín èmi àti Oyinkán ni bàbá rẹ̀. Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni bàbá yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì gbà pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni géèmù àti olè jíjà. Ìsọlọ̀ ni ilé wọn wà. Bí mo bá lọ kí wọn, àtàǹpàkò mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú mi.

"Fọlárìn, ṣé ọwọ́ yẹn ṣì lè di súpánà mú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́ géèmù."

Bàbá kò fẹ́ kí Oyinkán dúró sí Èkó máa ṣe lẹ́sìnnì tí wọ́n ń ṣí lónìí tí wọ́n ń tì lọ́la. Àbúrò wọn, Àǹtí Felicia, dá iléèwé sílẹ̀ ní Ìkéré, ó sì ti ń bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ pé kí Oyinkán wá bá òun kọ́ àwọn ọmọ. Oyinkán kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ìkéré rárá. Ìgbà tó yá ni a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣí ilé géèmù ńlá kan ní Àjàó Estate, pé wọ́n á ṣe ìdíje Jábọ́, àti pé ẹni tó bá gbégbá orókè ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn èèyàn. Mo jókòó sí pálọ̀ wọn nígbà tí Oyinkán gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú bàbá rẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n lọ síbi ìdíje yẹn. Bí mo bá borí, mo ti níṣẹ́ nìyẹn, mò ń dúró sí Èkó. Bí mo bá fìdí rẹmi, mo ń lọ bá Àǹtí Felicia, mi ò sì ní jiyàn mọ́."

Bàbá bọ́ awò ojú wọn. "Gbé Bíbélì yẹn wá."

Oyinkán gbé e wá, ó fọwọ́ lé e. Bàbá wá kọjú sí mi. "Ìwọ náà gbọ́. Bó bá borí, kó àwọn èèyàn rẹ wá, ká jọ sọ̀rọ̀ ìyàwó. Bí kò bá borí, ọ̀nà Ìkéré kò dí, máa lọ wá a níbẹ̀."

Ẹ ti rí i báyìí. Iṣẹ́ Oyinkán, Èkó tó fẹ́ràn, èmi tó fẹ́ fẹ́, orí Jẹ́-n-sinmi ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé mi ò mọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Abdulhameed wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń fi Jábọ́ ṣeré ní Àjàó Estate, ọmọ tí ara rẹ̀ ń dán, tí ń wọ bàtà funfun lọ síbi tí ẹrẹ̀ wà. Ó ní òun wá kí Àǹtí Nafeesah ni. Gbogbo wa mọ̀ pé Oyinkán ló wá ṣọ́.

Ó gba páàdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré. Lójijì, oníjà rẹ̀ lóṣòó díẹ̀, ó sì yọ̀ lórí pèpéle láìgbé ẹsẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ omi ọṣẹ. Ó yọ̀ síwájú, ó yọ̀ sẹ́yìn, ó ń yọ̀ ó sì ń lu èèyàn. Ariwo sọ.

"Ta ló bí i?" Ọlọ́runṣògo ló kígbe yẹn, ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù nínú wa.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Nafeesah, kò sí àrà tí kò ní òbí. Bí o bá dá àrà tuntun, gbogbo ilé á bi ọ́ pé, ta ló bí i? O gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìwọ lo ṣẹ̀dá ẹ̀, o ní, "Èmi ni mo bí i," o sì tún un ṣe kí gbogbo ojú rí i. Àṣírí ẹni tó bá parọ́ kì í pẹ́ tú, torí àrà máa ń jọ ẹni tó ni ín. Àǹtí Nafeesah máa ń fò lẹ́ẹ̀mejì kó tó nawọ́, gbogbo ẹni tó bá sì kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń fò lẹ́ẹ̀mejì, ì báà wù wọ́n, ì báà má wù wọ́n.

"Èmi ni mo bí i," Abdulhameed dáhùn. "Yọ̀tẹ̀rẹ́ lorúkọ ẹ̀."

Ó tún un ṣe. Ó lóṣòó, ó yọ̀. Ẹ̀yin ará, ojúkòkòrò burú. Mo fẹ́ àrà yẹn bí aboyún ṣe ń fẹ́ amọ̀ jẹ.

"Kò burú," Oyinkán sọ sí mi létí. "Ṣùgbọ́n yíyọ̀ kò tíì ju ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

"Owú ń jẹ ọ́."

"Owú kẹ̀? Fọlá, lọ kọ́ kọ́mbò."

Mi ò kọ́ kọ́mbò. Orí fóònù ni mo lọ, mo ń wo fídíò àwọn tó ń kọ́ni ní yíyọ̀. Wọ́n ní kí n fò, kí n dáàbò bo ara mi lójú ẹsẹ̀, kí n tẹ páàdì sí ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ sì ṣẹlẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Bí mo bá fò, mo á gbàgbé àbò. Bí mo bá rántí àbò, mo á tẹ ẹ̀gbẹ́ òdìkejì, mo á sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jábọ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Àtàǹpàkò mi wú. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ bi mí bóyá ẹ̀rọ ló gbá mi lọ́wọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ní kí n lọ gba ìwòsàn. Ẹni tó fi géèmù ṣera rẹ̀ léṣe ni wọ́n dì ní báńdéèjì lọ́jọ́ yẹn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọdé ń nà mí bí aṣọ òkè. Mò ń sáré kiri orí pèpéle, mò ń fò, mò ń gbìyànjú láti yọ̀, wọ́n sì ń jù mí sílẹ̀.

"Fọlárìn," Àǹtí Nafeesah pè mí, "ijó lo wá jó àbí ìjà lo wá jà?"

"Àǹtí, ẹ máa wò ó, mo ti ń bọ̀ ńbẹ̀."

"Mò ń wò ó. Ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé ò ń bọ̀."

Ohun tó gbé mi lọ sí Àjàó Estate nìyẹn. Mo bá Abdulhameed níwájú ilé bàbá rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ mi. Ọmọ tí mo fi ọdún jù lọ ni mo ń bẹ̀ o.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í kọ́ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́," ó ní.

"Kí lo fẹ́?"

"Jẹ́-n-sinmi. Báwo lèèyàn ṣe ń bọ́ nínú ẹ̀?"

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé kò níwà, pé ṣé ó rò pé èmi ni mo máa ta ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, mo padà sí Okota pẹ̀lú orí tó gbé sókè. Inú ara mi dùn sí mi gan-an lọ́nà. Mo ní irú èmi ṣọ̀wọ́n.

Irú èmi kò ṣọ̀wọ́n. Kí n tó dé ilé, mo ti ń sọ fún ara mi pé Oyinkán mọ kọ́mbò mìíràn. Nígbà tí mo jókòó, mo ní ta ló tiẹ̀ mọ̀ bóyá wọ́n á fi Oyinkán kan Abdulhameed. Nígbà tí mo jẹun tán, mo ti rí i pé oore ni mo fẹ́ ṣe é, torí ó yẹ kí ẹni tó ń lo kọ́mbò kọ́ bó ṣe máa borí láìgbójú lé àṣírí. Ẹ wo bí orí tí kò mọ kọ́mbò ṣe mọ àwáwí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bí mo ṣe parí ṣífíìtì àárọ̀, Àjàó ni mo gbà lọ tààrà.

"Wọn kì í sá," mo sọ fún un. "Bó bá ti gbá ọ sókè, tẹ páàdì sọ́dọ̀ ẹ̀. Sún mọ́ ọn."

"Ó rọrùn báyẹn?"

"Ó rọrùn báyẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ó mọ̀ ọ́n kọ́, mi ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí n máa lóṣòó ná kí n tó yọ̀, pé lílóṣòó ló ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ìgbà tó yẹ. Òótọ́ sì ni, bí mo ṣe ń lóṣòó ni ọwọ́ mi ń gbọ́ràn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yọ̀ láti etí kan pèpéle dé etí kejì, mo dìde lórí àga, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Abdulhameed mọ́ra.

Àmọ́ níbo ni mo ti máa fi hàn? Bí mo bá ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á bi mí pé ta ló bí i. Mo wá dà bí ẹni tó rán aṣọ ọdún tí kò sí ọdún tó lè wọ̀ ọ́ sí. Inú yàrá mi ni mo ti ń yọ̀, èmi nìkan, tí mo sì ń pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Oyinkán ń wá, ó ń fi mí ṣe ìdánrawò. Mo máa ń jókòó kó máa fi Jẹ́-n-sinmi nà mí. Lọ́jọ́ kan ó dá ọwọ́ dúró, ó mú àtàǹpàkò mi, ó wò ó.

"Èyí kì í ṣe ẹ̀rọ, Fọlá. Ta lò ń bá ṣeré?"

"Fóònù ni. Mò ń wo fídíò."

"Ṣé o ti ń kọ́ kọ́mbò?"

"Mo ti ń kọ́ ọ."

Inú rẹ̀ dùn, ó fi òróró pa àtàǹpàkò náà fún mi. Ojú tì mí. Ìtìjú náà kò kọjá ìgbà tó jáde ní yàrá, torí kó tó dé ẹnu géètì mo ti gbé páàdì.

Ọjọ́ ìdíje pé. Gbọ̀ngàn tí wọ́n lò ní Àjàó Estate kún dẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Oyinkán wá pẹ̀lú kóòtù àti táì, wọ́n jókòó síwájú pátápátá, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n ńlá náà bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ níbi ìdánwò.

"Èwo ni Oyinkán máa jẹ́ nínú wọn?" wọ́n bi mí.

"Ìyá arúgbó tó mú agbòòrùn dání yẹn ni, sà."

"Ó dáa. Ó jọ ìyá mi." Wọ́n fọwọ́ tún táì wọn ṣe. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé bàbá yìí fẹ́ kí ọmọ òun borí.

Èmi náà ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ fi ọmọkùnrin kan láti Òṣòdì kò mí lójú. Kò mọ nǹkan kan, ó kàn ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó bá rí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀ tán láìlo àrà kankan. Ẹ̀ṣẹ́ kan péré ló kù. Àmọ́ mo gbọ́ bí èèyàn ṣe ń hó lẹ́yìn mi, àtàǹpàkò mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Mo lóṣòó, mo yọ̀. Mo yọ̀ lọ, mo yọ̀ bọ̀, mo wá ju ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Gbọ̀ngàn mì. Ó dùn, mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dé eegun.

"Ẹ̀gbọ́n Fọlá, ta ló bí i?"

Ọlọ́runṣògo ni. Àwọn ará Okota tó kù bá a gbè é, wọ́n ń lu àga, ta ló bí i, ta ló bí i. Mo lè sọ pé inú fídíò ni mo ti kọ́ ọ. Mo lè dákẹ́. Àtẹ́wọ́ ti wọ̀ mí lórí.

"Èmi ni mo bí i," mo ní.

Abdulhameed bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn èèyàn fi yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n Fọlárìn, ẹ kú ewu ọmọ. Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń rọbí ẹ̀ ni?" Ó dìde. "Ẹ̀yin ará Okota, ta lẹ mọ̀ tó máa ń lóṣòó kó tó yọ̀?"

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá a. Àǹtí Nafeesah wò mí, ó mirí, ó kọjú síbòmíràn.

Wọ́n pe àwọn tó kàn. Oyinkán àti Abdulhameed ni, ẹni tó bá sì borí nínú wọn ni yóò bá èmi ṣe é. Oyinkán kò lọ síbi àga. Ó fà mí lápá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Kí lo fún un?"

"Fún ta ni?"

"Abdulhameed kì í kọ́ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lo fún un, Fọlá?"

"Kò sí."

"Wò mí. Mò ń lọ jókòó báyìí. Bó bá jẹ́ Jẹ́-n-sinmi lo fún un, sọ fún mi, mi ò ní lò ó. Mo mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Mi ò ní bínú sí ọ lónìí. Ṣáà sọ."

Ilẹ̀kùn àánú ṣí gbayawu níwájú mi. Kò ná mi ju gbólóhùn kan lọ. Àmọ́ bí mo bá sọ ọ́, ó máa mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ẹ̀rù ìyẹn sì bà mí ju ẹ̀rù Ìkéré lọ.

"Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?" mo bi í.

Ó tú apá mi sílẹ̀. "Mo fọkàn tán ọ."

"Òùngbẹ ń gbẹ mí," mo ní. "Jẹ́ kí n lọ ra omi."

Ni mo bá jáde. Omi wà nínú gbọ̀ngàn lọ́fẹ̀ẹ́ o, wọ́n tò ó sórí tábìlì. Mo ṣáà jáde.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti wò ó, láti ẹ̀yìn àwọn èèyàn. Oyinkán bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ń le Abdulhameed kiri. Ó rí àyè, ó fi agbòòrùn gbá a sókè, ó sì lọ dúró dè é níbi tí gbogbo èèyàn máa ń sá gbà. Abdulhameed kò sá. Ó sún mọ́ ọn, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì nà án.

Mo rí ejìká Oyinkán tó gan. Bóyá ó rò pé kòńgẹ́ ni. Ó tún gbá a sókè, ìyẹn tún sún mọ́ ọn, ó tún bọ́. Ọwọ́ Oyinkán dúró lórí páàdì. Ó yí orí, ó wo àga tí mo ti dìde, àga náà ṣófo. Ó padà síbi ìjà, ó ja ìwọ̀nba tó lè jà, àmọ́ ara ìyá arúgbó náà ti fúyẹ́ jù. Ó já bọ́.

Mo rò pé bàbá rẹ̀ á yọ̀. Bàbá dìde, wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún pẹ́, wọ́n tún fi í sójú. "Ó tó, ọmọ mi," wọ́n ní. "O ṣe é bó ṣe yẹ."

Wọ́n pe orúkọ mi. Mo tún ní ìgboyà láti lọ jókòó. Kí ẹ lè mọ bí orí mi ṣe rí, mo sọ fún ara mi pé mo fẹ́ gbẹ̀san fún Oyinkán. Mo fẹ́ fi Yọ̀tẹ̀rẹ́ na ẹni tó kọ́ mi ní Yọ̀tẹ̀rẹ́.

Mo lóṣòó, ẹ̀ṣẹ́ bà mí. Mo tún lóṣòó, ẹ̀ṣẹ́ tún bà mí kí n tó yọ̀ dé ibì kankan. Gbogbo ìgbà tí mo bá lóṣòó ni Abdulhameed ti dé iwájú mi. Mo gbìyànjú láti yọ̀ láìlóṣòó, ọwọ́ mi kọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ mi. Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ Òṣòdì ń bá mi kà á, wọ́n ń ní, "Lóṣòó, gbà."

"Ẹ̀gbọ́n," Abdulhameed sọ láìwo ojú mi, "ṣé ẹ ti rí mi kí n lóṣòó nígbà tí mo bá ń jà? Ìgbà tí mo bá ń ṣe fáàrí nìkan ni. Lílóṣòó yẹn ló ń sọ fún ọ̀tá pé mò ń bọ̀ o, dúró dè mí."

Ó jù mí sílẹ̀. Lẹ́yìn mi ni Àǹtí Nafeesah ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀. "Ó ta ilé ra àga. Àga náà ò tún ní ẹsẹ̀."

Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, Oyinkán àti bàbá rẹ̀ ti lọ.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sí Ìsọlọ̀. Bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Wọn ò wo àtàǹpàkò mi lọ́jọ́ yẹn, ojú mi ni wọ́n wò, ìyẹn sì burú jù. "Ó wà nínú pálọ̀," wọ́n ní. "Má pẹ́."

Oyinkán ń ká aṣọ sínú báàgì. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, láìkù síbì kan. Kò dá mi lẹ́nu. Ó ká aṣọ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo ti mọ̀ láti ìgbà tó ti sún mọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìdí tí o ò fi sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Mo bẹ̀ ọ́, Fọlá. Mo ní mi ò ní bínú."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo sì ti sọ fún ọ ohun tó yẹ kí ẹni tẹ́rù bá bà ṣe. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún lórí ilẹ̀ ayé." Ó fa síìpù báàgì náà. "O lọ sọ ọ́ fún Abdulhameed. Òun lò ó. Ìwọ ò lò ó."

Ó ní kí n dìde, pé orókún mi á dọ̀tí. Bàbá rẹ̀ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì jáde.

Ó ti lọ sí Ìkéré. Abdulhameed ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé géèmù Àjàó, wọ́n ní ó ń ṣe dáadáa. Àǹtí Nafeesah kò lé mi ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ bí mo bá ti fọwọ́ kan páàdì, ẹnì kan á rọra bi mí pé, "Ta ló bí i?" gbogbo ilé á sì dà á sẹ́rìn-ín. Mi ò lọ síbẹ̀ mọ́.

Lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí, Àǹtí Nafeesah fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi láìkọ ọ̀rọ̀ kankan tì í. Iléèwé Àǹtí Felicia ni, àwọn ọmọbìnrin tó wọ aṣọ iléèwé yí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan ká lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní kíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn mú ìyá arúgbó tó ní agbòòrùn, ó gbá ẹnì kejì rẹ̀ sókè. Ẹnì kejì náà gbọ́n, ó tẹ páàdì, ó sún mọ́ ọn. Ìyá arúgbó náà kò dúró síbi tí mo mọ̀. Ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó jẹ́ kí ó máa bọ̀, ó sì gbá a padà sókè.

"Ta ló bí i?" àwọn ọmọ yẹn béèrè, pẹ̀lú ohùn Èkìtì wọn.

"Àǹtí Oyinkán ló bí i."

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn fóònù tó fi ń yà wọ́n. Mo ti wo fídíò náà títí bátìrì fi kú, mo sì tún ti fi fóònù sí ṣáájì, mo tún wò ó. Mò ń dá a dúró, mò ń dá a padà, mò ń wá ibi tí èèyàn lè gbà bọ́. Bí o bá sá, ó bá ọ. Bí o bá sún mọ́ ọn, ó ti mọ̀ pé ò ń bọ̀. Ó ti dí ibẹ̀ pa.